Ìka Tó Ń Tẹ̀wé Láti Ẹ̀yìn

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Alágídí mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí èyí tó wà nínú tí kò tíì ní orúkọ. Ṣé ẹsẹ̀ rẹ kò wú mọ́? Ṣé o ń rí oorun sùn? Èmi wà, a dúpẹ́. Orúnkún mi ọ̀tún ló ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúnkún la fi ń tẹ̀wé.

O ní ká máa kọ lẹ́tà síra wa, torí gbogbo ìgbà tá a bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù la máa ń já a mọ́ ara wa létí. Ó dáa, mo ti gbà. Tí mo bá bú ọ nínú lẹ́tà, ó kéré tán wàá lè tún un kà.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. Àgbà ń wúkọ́. O mọ Àgbà, kọ̀ǹpútà tí bàbá rẹ rà sí ṣọ́ọ̀bù kó tó kú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn bí àpótí aṣọ, tí mo fi ń tẹ gbogbo ìwé kéwú láti ìgbà tí o ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù. Tí mo bá tàn án láàárọ̀, á máa wúkọ́ hẹ̀rẹ̀hẹ̀rẹ̀, tó bá sì di ọ̀sán á kú fúnra rẹ̀ láìdágbére. Ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe tú inú rẹ̀, ó wò ó títí, ó mi orí, ó ní wọn ò ṣe irú ẹ̀yà ara rẹ̀ mọ́ níbì kankan. Ó ní kí n tètè kó ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde.

Mo bá ra tuntun. Ó pẹlẹbẹ, ó fúyẹ́, kì í wúkọ́. Atún-kọ̀ǹpútà-ṣe náà bá mi fi fíláàṣì kó gbogbo fáìlì Àgbà sínú rẹ̀. Mo ṣí ìwé ìkọ́ni ilé-kéwú, ìwé tí mo mọ̀ bí ẹní mowó. Ọmọ mi, kò sí lẹ́tà kéwú kan ṣoṣo níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni A tó dé fìlà, O tí wọ́n fi igi gún láàárín, àmì ìbéèrè, àti àwọn nǹkan kan tó dà bí ipasẹ̀ kòkòrò. Mo pa á, mo tún un ṣí, bákan náà.

Ọ̀gá ilé-kéwú fẹ́ ká tún ìwé náà tẹ̀ kí àwọn ọmọ tó wọlé lóṣù kẹfà. Ó tún fẹ́ irú èyí tí wọ́n lè máa kà lórí fóònù, kí wọ́n lè wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ nínú rẹ̀. O mọ̀ pé ilé-kéwú yẹn ni òpó tó gbé ṣọ́ọ̀bù yìí dúró. Tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ wọn lọ, káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ìdánwò díẹ̀díẹ̀ ló kù, ìyẹn ò sì lè gbọ́ bùkátà. Ọ̀gá náà ò halẹ̀ mọ́ mi o. Ó kàn rọra sọ pé tí kò bá ní ṣeé ṣe, kí n tètè wí, kí àwọn lè gbé e fún Kíákíá. Kíákíá ni ọmọkùnrin tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì. Ohun tó kọ sára ògiri rẹ̀ nìyẹn lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo àdúgbò bá fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ìwọ lo lọ kàwé lórí ọ̀rọ̀ lẹ́tà inú ẹ̀rọ. Ìwọ ni wọ́n ń sanwó fún lọ́hùn-ún kí fóònù lè máa kọ èdè oríṣiríṣi. Bá mi wò ó. Mo ti ní kí wọ́n fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ní ti wíwá tí o ní kí n wá, ìwé tí o fi pè mí dé ọwọ́ mi, ó wà nínú dúrọ́ọ̀. Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ létí mi mọ́ pé kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ẹni tó bá ti ṣọ́ọ̀bù pa nírú ọjọ́ orí mi yìí, orí ibùsùn ló ń lọ.

Ìyá rẹ ni.


Ogúnjọ́, oṣù kejì

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà orúnkún. Ọkọ mi ní kí n kí yín dáadáa. Ọmọ ń tàpá ṣáá, ẹ̀yin ló jọ, kò fẹ́ jókòó sójú kan. Ẹsẹ̀ mi ṣì ń wú, àmọ́ kì í ṣe nǹkan bàbàrà.

Fáìlì yín dé. Mo ṣí i lẹ́nu iṣẹ́, nínú yàrá gígùn tí a ti ń ṣiṣẹ́, tí tábìlì kọ̀ọ̀kan ní fóònù bíi márùn-ún lórí, ká lè rí bí lẹ́tà ṣe ń hàn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó jókòó tì mí yọjú wò ó, ó béèrè pé ológbò ta ló rìn lórí kíbọ́ọ̀dù báyìí. Mo ní iṣẹ́ ìyá mi ni. Ó bẹ̀ mí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ yín kò sọnù. Ó wà níbẹ̀ pé pérépéré, ẹni tó máa kà á ni kò sí. Kọ̀ǹpútà ò mọ lẹ́tà, Màmá, nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Tí ẹ bá tẹ lẹ́tà kéwú tó ń jẹ́ báù, nọ́ńbà kan ló tọ́jú. Nígbà tó bá fẹ́ fi hàn yín, á lọ wo ìwé orúkọ rẹ̀, á ní, nọ́ńbà yìí, ta ló ni ín? Lóde òní, gbogbo àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ti fẹnu kò sórí ìwé orúkọ kan ṣoṣo. Lẹ́tà èdè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì lè gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ayé ìgbà tí wọ́n ṣe Àgbà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe ètò tí ẹ fi ń tẹ kéwú fi nọ́ńbà tó wù ú sí lẹ́tà tó wù ú. Nọ́ńbà tó pè ní báù, A tó dé fìlà ni kọ̀ǹpútà tuntun yín ń pè é. Òun náà ò jẹ̀bi, ohun tó mọ̀ ló ń kà.

Ó tún ku kan. Ẹ mọ̀ pé báù ní ojú mẹ́rin, ojú tó ń lò tó bá dá wà, èyí tó ń lò níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, èyí tó ń lò láàárín, àti èyí tó ń lò níparí. Àgbà fún ojú kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀, bí ẹni pé èèyàn mẹ́rin ni wọ́n. Nọ́ńbà kan ṣoṣo làwa fún báù. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló máa wo ẹni tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀, kó tó mọ ojú tó máa gbé wọ̀. Ẹ̀yin náà, Ìyá Onítẹ̀wé ni yín ní ṣọ́ọ̀bù, Màmá ni yín nílé, a ò sì tìtorí ẹ̀ ka ìyá méjì.

Mo lè gbìyànjú láti tú u, àmọ́ iṣẹ́ ńlá ni. Kò sẹ́ni tó ní ètò Àgbà lọ́wọ́ mọ́, ọwọ́ ni màá fi wá nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Mi ò lè ṣèlérí pé yóò bá oṣù kẹfà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya àwòrán kíbọ́ọ̀dù Àgbà fún mi, kí ẹ sì fi ojú ìwé díẹ̀ lára èyí tí ẹ ti tẹ̀ jáde ránṣẹ́, kí n lè mọ bọ́tìnnì tó ń mú ojú kọ̀ọ̀kan wá. Kí ẹ tún gbìyànjú láti tẹ ìlà kan sórí tuntun, kí n mọ bó ṣe ń rí.

Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Ṣé dandan ni ṣá? Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Yàrá yín ti wà nílẹ̀, oòrùn àárọ̀ máa ń wọ ibẹ̀, mo sì ti ra àga onítìmùtìmù sí i torí orúnkún yín. Ìparí oṣù kẹfà ni dókítà ní ọmọ máa dé. Ọkọ mi ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n mi ò ní ìyá mìíràn níbí. Ẹ jẹ́ kí Kíákíá máa gbé ìwé wọn lọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Alágídí,

Mo kí ọ. Kí ọkọ rẹ. Sọ fún ẹni tó pè mí ní ológbò pé mo kí òun náà, ológbò yìí ló rán ọ níléèwé.

Mo ka àlàyé rẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó yé mi. Ì bá ti yé mi ṣáájú kí n tó lọ ṣe ara mi ní yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo jókòó sídìí tuntun, mo wá báù tó ń ṣáájú, mo rí bọ́tìnnì báù kan. Mo wá ti àárín, mi ò rí i. Mo wá ti ìparí, kò sí. Gbogbo lẹ́tà ló rí bẹ́ẹ̀, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan péré. Mo yọ kíbọ́ọ̀dù náà, mo wé e sínú ọ̀rá, mo gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi. Mo ní owó odindi kíbọ́ọ̀dù ni mo san, ìdá kan nínú mẹ́rin ló tà fún mi, kó wá èyí tó kù jáde. Ẹni náà fajú ro. Ó bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ báù, ó tún tẹ báù, ó tún tẹ báù. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú fúnra wọn. Ó yà mí lẹ́nu, mi ò ní purọ́. Mo wé kíbọ́ọ̀dù mi, mo gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

Èyí tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé náà bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ yìí. Ìwọ náà mọ bí mo ṣe ń tẹ̀wé, o máa ń dúró sẹ́yìn mi tí wàá máa rẹ́rìn-ín. Àgbà ò lè rìn láti ọ̀tún. Láti òsì sí ọ̀tún nìkan ló mọ̀ ọ́n rìn, tó jẹ́ pé lẹ́tà ìparí ìlà la máa kọ́kọ́ tẹ̀, tí a óò wá máa fi ẹ̀yìn rìn títí a ó fi débẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ìka mi ti mọ̀ ọ́n débi pé tí mo bá rí ìlà kéwú, ìdí rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ rí. Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ sórí tuntun, gbogbo rẹ̀ dojú kọ ẹ̀yìn. Lẹ́tà ìparí wá síwájú, ti iwájú lọ kẹ́yìn, ẹ̀rọ náà sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀ dáadáa, ó lẹ́wà, kò sì ní ìtumọ̀.

Ọ̀gá ilé-kéwú wà lẹ́yìn mi nígbà náà, ó wá wo ibi tá a bá iṣẹ́ dé. Ó fara balẹ̀ kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á. Ó ní òun á padà wá. Ojú tì mí. Láti ìgbà tí mo ti ń tẹ̀wé, mi ò tíì tẹ ohun tí ẹni tó ni ín ò lè kà.

O ní ṣé dandan ni. Dandan ni. Iṣẹ́ ni mo fi tọ́ ọ, iṣẹ́ náà ni mo fi ń jí láàárọ̀ láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ. Àwòrán kíbọ́ọ̀dù àti ojú ìwé tí o ní kí n fi ránṣẹ́ ti wà lọ́nà. Tètè dá mi lóhùn.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Láti oṣù tó kọjá, mi ò gbúròó rẹ. Mo pe fóònù rẹ, ọkọ rẹ ló gbé e, ó ní o ń sùn. Mo tún pè, ó tún ní o ń sùn. Mi ò mọ ìgbà tí oorun wá di iṣẹ́ rẹ.

Kíákíá wá sí ṣọ́ọ̀bù lánàá. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, mi ò lè fi ìyẹn dù ú. Ó ní òun gbọ́ pé Àgbà ń ṣàìsàn. Ó ní tí mo bá fẹ́, òun á fi àga kan sí ṣọ́ọ̀bù òun, kí n máa bá òun yẹ kéwú wò bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀, òun á máa fún mi ní nǹkan. Mo fún un lómi mu. Mo dúpẹ́. Lẹ́yìn tó lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún.

Mo ti wá jókòó rò ó. Tí fáìlì yìí bá tú, ṣọ́ọ̀bù mi á wà, mi ò sì ní wá. Tí kò bá tú, ṣọ́ọ̀bù á kú, màá kó ẹrù mi wá bá ọ. Èwo ló wù ọ́ nínú méjèèjì? O kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ pé ṣé dandan ni. O ní kí Kíákíá máa gbé e lọ. O ti wá dákẹ́ báyìí. Mi ò ní kí o wá purọ́ fún mi. Tó bá jẹ́ pé o ò fẹ́ ṣe é, sọ ọ́ ní gbangba, kí n lè mọ ibi tí mo máa gbé orí mi lé. Àìsọ̀rọ̀ rẹ ló ń pa mí.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin

Màmá,

Mo kí yín. Lẹ́tà yín dùn mí gan-an. Orí ibùsùn ọsibítù ni mo ti kà á.

Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ló ga. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ojú mi ń rí bàìbàì, wọ́n gbé mi lọ, wọn ò sì jẹ́ kí n padà sílé fún bíi ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo ní kí ọkọ mi má sọ fún yín, torí ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ̀jẹ̀ tiyín náà á ga. Mo ti wà nílé báyìí. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ní kí n máa fi sùn, mi ò sì gbọdọ̀ rìn kọjá ilé ìwẹ̀. Ọmọ wà dáadáa.

Ohun tí ẹ sọ, òótọ́ ni. Ó wá sí mi lọ́kàn. Ó tilẹ̀ jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ níbẹ̀, mò ń rò ó pé tí mo bá kàn fi í sílẹ̀, tí mo ní kò ṣeé ṣe, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ẹ ó sì wà lọ́dọ̀ mi kí n tó bímọ. Mo ń fẹ́ yín lọ́dọ̀ mi, Màmá, mò ń fẹ́ yín débi pé mo ń sunkún bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé ẹ wà nínú yàrá yẹn, nídìí fèrèsé yẹn, tí ẹ jókòó lórí àga tí mo rà, tí ìka yín kò ní nǹkan tó ń ṣe. Mi ò fẹ́ kí ẹ wá torí pé ẹ ò ríbi lọ mọ́. Mo bá ní kí ọkọ mi gbé kọ̀ǹpútà mi wá sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì.

Fáìlì ti tú. Àwòrán kíbọ́ọ̀dù yín ló là mí lójú. Ibi tí mo bá ti rí ojú báù, èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo dá a padà sí báù kan ṣoṣo, mo sì yí ìlà kọ̀ọ̀kan padà kó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé ó ti tán, àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Láámù-álífù, lẹ́tà méjì tó so mọ́ra tí ẹ máa ń fi bọ́tìnnì kan ṣoṣo tẹ̀, mo pín in sí méjì kí n tó yí ìlà, ló bá di pé álífù gba iwájú láámù lọ níbi gbogbo. Àwọn àmì tó yẹ kó wà lórí lẹ́tà wọn náà lọ jókòó sórí aládùúgbò. Mo tún un ṣe títí gbogbo wọn fi mọ ilé wọn. Fáìlì náà ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí, kí atún-kọ̀ǹpútà-ṣe yín bá yín gbà á sílẹ̀.

Mo tún fi ètò kékeré kan sí i. Tí ẹ bá ṣí i, ẹ lè máa tẹ̀wé láti ẹ̀yìn bí ìka yín ṣe mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú ojú mẹ́rin yín, lórí kíbọ́ọ̀dù tí mo yà bíi ti Àgbà síbẹ̀. Ètò náà á máa yí i padà lábẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i á rí kéwú tó dúró dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀ kó tó dọ́wọ́ ọ̀gá. Mo mọ̀ pé tó bá ti tán báyìí, ẹ ò ní wá. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yín, Alágídí.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

O wà ní ọsibítù, mò ń kọ ọ̀rọ̀ burúkú sí ọ. Ìwọ náà ò ṣe dáadáa. Ṣé mo ti di ẹni tí wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ fún ni? Ẹ̀jẹ̀ tó bá máa ga á ga, jẹ́ kó ga lórí ohun tí mo mọ̀. Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi mọ́ láyé rẹ. Mo ti pe ọkọ rẹ, mo ti sọ tẹnu mi fún un, ó sì ti bẹ̀ mí. Mo dárí ji ẹ̀yin méjèèjì. Kí o dárí ji èmi náà.

Mo ṣí fáìlì náà lórí tuntun. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, ojú ìwé lé ojú ìwé, kò sí A tó dé fìlà kankan. Mo pe ọ̀gá ilé-kéwú, ó gbé e sórí fóònù rẹ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, fóònù náà gbé e lọ sí gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ó ń ṣe é ṣáá bí ọmọ kékeré tó rí bọ́ọ̀lù. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá èyí tí Àgbà ń gbé jáde lè ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò lè ṣe é. Àwòrán ọ̀rọ̀ ni tèmi ìjọ́sí, ti ìsinsìnyí ni ọ̀rọ̀ gan-an.

Àmọ́ ó ku ibì kan. Nọ́ńbà ti yí padà. Ibi tí mo ní kí ọmọ wo ojú ìwé kejìlá, ó ti di ìkọkànlélógún. Ibi tó yẹ kó jẹ́ ìkẹẹ̀ẹ́dógún ti di ìkọkànléláàádọ́ta, ọmọ tó ń kọ́ álífù á sì bá ara rẹ̀ láàárín ẹ̀kọ́ àwọn àgbà. Mo rò pé mo mọ ohun tó fà á. Lẹ́tà nìkan ni mo máa ń tẹ̀ láti ẹ̀yìn, bí nọ́ńbà ṣe ń lọ ni mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, torí òsì lòun ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú kéwú. Ìwọ wá yí gbogbo ìlà pa pọ̀, o sì yí i mọ́ ọn. Bá mi dá a padà, ṣùgbọ́n dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ní kí o fi sùn kí o tó ṣe é.

Ètò tí o ṣe fún ìka mi, mo lò ó. Mo tẹ ojú ìwé kan láti ẹ̀yìn, ó jáde láti iwájú, mo sì rẹ́rìn-ín. Àwọn ilé-kéwú méjì mìíràn ti gbọ́, wọ́n ti ń bọ̀ wá gbé ìwé tiwọn fún mi. Kíákíá gan-an gbé ìwé kan tó dojú rú wá, kéwú àtijọ́, ó ní kí n bá òun bẹ ọmọ mi.

Ọ̀rọ̀ wíwá, jẹ́ ká kọ́kọ́ parí èyí tó wà nílẹ̀.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú orí ire àwọn oníbàárà tuntun. Mo ti dárí jì yín tipẹ́.

Bí ẹ ṣe sọ ọ́ ló rí. Mo ti ní kí ètò náà máa yí lẹ́tà nìkan, kó fi nọ́ńbà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tò. Ojú ìwé kejìlá ti padà di ìkejìlá. Mo fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ẹ lè gbé e lọ tẹ̀. Ẹ sọ fún Kíákíá kó fi tirẹ̀ ránṣẹ́, màá wò ó lẹ́yìn tí mo bá bímọ.

Inú mi dùn sí àwọn ilé-kéwú méjì yẹn. Ọkàn mi sì bàjẹ́, mi ò lè fi pamọ́ fún yín, ẹ ṣáà ní kí n má fi nǹkan pamọ́ mọ́. Ọkọ mi ti gbàyè ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́nu iṣẹ́. Aládùúgbò wa kan náà ní òun á máa yọjú. A máa ṣe é. Ẹ má jẹ́ kó gbà yín lọ́kàn, ẹ tẹ ìwé yín.

Yàrá yín ṣì wà. Ọkọ mi fẹ́ kó ẹrù sí i, mo ní kó má ì tíì kó o.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà

Alágídí mi,

Orí tuntun ni mo ti tẹ lẹ́tà yìí, íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo sì fi rán an, torí tí mo bá fi í sí ilé ìfìwéránṣẹ́, màá débẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ọ̀gá ilé-kéwú gba ìwé rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, báńdù báńdù, ó ṣí i wò, ó sì gbóòórùn rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Nọ́ńbà rẹ̀ pé. Ó sanwó, ó ní kí n kí ọ. Mo ti pa Àgbà. Mo fi aṣọ bò ó, ó wà níbi tó ti máa ń wà, mi ò tíì lè jẹ́ kí wọ́n gbé e jáde.

Ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ tó sọ ọ̀rọ̀ ọsibítù dé ni mo yọ ìwé tí o fi pè mí nínú dúrọ́ọ̀, mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìrìnnà. Mi ò sọ fún ọ, kó má lọ jẹ́ pé wọn ò ní fún mi, kí ẹ̀jẹ̀ tún ga. Wọ́n fún mi. Ìwọ nìkan kọ́ lo mọ nǹkan í fi pamọ́.

Ìwé ilé-kéwú kejì wà nínú fíláàṣì, fíláàṣì wà nínú báàgì mi. O ní ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i á rí kéwú tó dúró dáadáa, kọ̀ǹpútà rẹ náà á sì kà á, àbí? Ìyẹn ni màá máa tẹ̀ nídìí fèrèsé tó ń rí oòrùn àárọ̀, nígbà tí ọmọ bá sùn. Kíákíá á máa gba iṣẹ́ sílẹ̀ dè mí níbí, èmi á máa fún un ní nǹkan. Mo ti ń kọ́ títẹ̀ láti iwájú pẹ̀lú. Ó ń lọ bí ìgbín, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Nígbà tí ọmọ bá ti mọ ojú mi, tí kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́, màá padà sílé.

Ká ní o fi ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀ kó kú, màá wá náà, àmọ́ mi ò rò pé màá lè wo ojú rẹ. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ti kú, kò sẹ́ni tó ń tì í. Tèmi wà láàyè. Mo tì í láàárọ̀ yìí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń bẹ lọ́rùn mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹtàlá ni màá gúnlẹ̀. Jẹ́ kí ọkọ rẹ wá pàdé mi, ìwọ dùbúlẹ̀.

Ìyá rẹ, Onítẹ̀wé.